Bẹ́ ẹ ṣe máa wá agboolé bàbá ọmọ yín dé Loch Hourn nígbà tí ewé bá ń wọ́

Ọmọ mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé, wọ́n ti mú un yí agboolé wa ká, wọ́n ti fi ojú oórì bàbá bàbá mi hàn án, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ki oríkì fún un títí orí ẹ̀ fi wú, a ò tíì tú ẹrù tán ní Glasgow tó fi lọ dúró síwájú bàbá ẹ̀ pé, "Dádì, agboolé tiyín ńkọ́, níbo ló wà?" Ọkọ mi wò mí, èmi náà wojú ẹ̀. Ọmọ Ontario ni, ní Kánádà. Gbogbo ohun tó mọ̀ ò ju pé Macdonell làwọn ń jẹ́, pé Skọ́tláńdì làwọn baba ńlá àwọn ti wá, pé wọ́n lé wọn kúrò nílé torí àgùntàn. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń gbé Skọ́tláńdì o! Kò dé ibẹ̀ rí, kò tiẹ̀ mọ ibi tó ń jẹ́ ibẹ̀.

A ti wá a báyìí, a sì ti rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì la lọ, ti àkọ́kọ́ ò dáa rárá, ìkejì dáa gan-an. Àwa tá a fẹ́ òyìnbó pọ̀ nílùú yìí, àwọn ọmọ wa ń dàgbà, wọ́n máa bi yín dandan ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é sílẹ̀ kówó yín má baà wọgbó bíi tiwa. Loch Hourn ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí torí ibẹ̀ ni tiwa, ṣùgbọ́n bí etíkun ìwọ̀ oòrùn Skọ́tláńdì ṣe rí nìyẹn látòkè délẹ̀, òkun á kàn ya wọ àárín òkè, á máa lọ, á máa lọ, ti Loch Hourn yìí lé ní 20 kìlómítà. Omi iyọ̀ ni o, kì í ṣe odò.

Ẹ fi Macdonell sílẹ̀, agboolé ni kẹ́ ẹ wá

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ilẹ̀ tó wà láàárín Loch Nevis ní gúúsù àti Loch Hourn ní àríwá ni wọ́n ń pè ní Knoydart. Àwọn olóyè Macdonell ti Glengarry ló ni ín láyé ọjọ́un, àwọn tó sì ń dáko lábẹ́ wọn, Macdonell làwọn náà ń jẹ́, tàbí Macdonald, tàbí M'Donald, akọ̀wé tó bá mú kálámù dání lọ́jọ́ náà ló mọ bó ṣe kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀ ń wá Macdonell ní Knoydart, ẹ ò yàtọ̀ sẹ́ni tó dúró ní Dùgbẹ̀ tó ń pariwo pé òun ń wá Àlàó.

Àwọn fúnra wọn ò fi Macdonell dá ara wọn mọ̀. Wọ́n á ní kó o ka ìran ẹ ni, ọmọ lágbájá, ọmọ tàmẹ̀dò, ọmọ lámọ́rín, títí dé orí baba kẹrin karùn-ún, sloinneadh ni wọ́n ń pè é ní Gaelic. Wọ́n á wá fi orúkọ baile tí onítọ̀hún ti wá lé e. Baile yẹn lèmi ń pè ní agboolé, torí ilé mélòó kan ni, wọ́n jọ ń dáko, wọ́n jọ ń da ẹran, ẹbí àti àna ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ báyìí fún ọkọ mi ló tó yé e pé ohun tóun ń wá kọ́ lòun ń wá.

Níbo lẹ ti máa rí orúkọ baile? Òkè òkun ni o, kì í ṣe Skọ́tláńdì. Àwọn tó lọ ló gbé orúkọ náà dání. Ní Glengarry County, Ontario, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára òkúta sàréè pé ọmọ Knoydart lẹni tó sùn síbẹ̀, nígbà míì wọ́n á kọ abúlé gan-an. Ẹ wo ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wo lẹ́tà àtijọ́, ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò, kẹ́ ẹ sì wo inú páálí Bíbélì. Ẹ fóònù ìyá ọkọ yín, kẹ́ ẹ ní kó ya gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, pàápàá ohun tí kò bá nítumọ̀ lójú ẹ̀.

Mo ní pàápàá, torí nínú Bíbélì ìyá ọkọ mi, ẹnì kan ti fi tádàwà kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá ńlá wọn: Skeery. Nínú gẹ̀ẹ́sì àwọn ará oko, ọ̀rọ̀ yẹn jọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Nìyẹn ni gbogbo ìdílé bá gbà pé ojo ni bàbá náà. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà Kérésì, ọmọ tó bá ń bẹ̀rù òkùnkùn, wọ́n á ní ó fi jọ bàbá Skeery ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná.

Ìwé tẹ́ ẹ máa wò

ScotlandsPeople ni wéésáìtì ìjọba tí gbogbo ẹ̀ wà. Wíwá orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí ojú ìwé gan-an lẹ máa sanwó, nígbà tá a ṣe tiwa kírẹ́díìtì 30 jẹ́ £7.50, 6 ló sì máa ń lọ lórí ojú ìwé kan. Ẹ má kánjú ṣí i o. Ọkọ mi jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣí Macdonell kan tẹ̀ lé Macdonell míì, owó tó ná lóru yẹn mi ò ní sọ níbí torí àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń ka nǹkan tí mo bá kọ.

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1855 nìjọba Skọ́tláńdì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó kúrò ní Knoydart ti wà ní Kánádà kí ìyẹn tó dé, ẹ ò lè bá wọn níbẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rèé, ẹ má wá ẹni tó lọ, ẹ wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ tó dúró sílé tó wá kú lẹ́yìn 1855, torí ìwé ikú wọn máa ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá, tìyá sì máa ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá ẹ̀. Àwọn Skọ́tláńdì dáa níbẹ̀ yẹn jàre, obìnrin ò kàn ń sọnù sínú orúkọ ọkọ, nínú ìwé àti lórí sàréè wọ́n ṣì ń pè é ní ọmọ bàbá ẹ̀.

Fún àwọn tó ti lọ ṣáájú 1855, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ìkànìyàn ló kù. Abẹ́ páríìṣì Glenelg, ní Inverness-shire, ni Knoydart wà nínú ìwé. Kátólíìkì lọ̀pọ̀ wọn o, torí náà tẹ́ ẹ bá wo ìwé Church of Scotland tẹ́ ẹ ò rí wọn, ẹ má sunkún, ẹ bọ́ sí ti ìjọ Kátólíìkì, òun náà wà lórí wéésáìtì kan náà. Ìkànìyàn 1841 ò dáa tó ti 1851, ti 1841 ò sọ páríìṣì tí wọ́n ti bí èèyàn, ó kàn máa sọ bóyá inú county yẹn ni, ọjọ́ orí àgbàlagbà pàápàá, wọ́n máa ń gé e wálẹ̀ ni, ẹni ọdún 44 á di 40, ẹni 59 á di 55. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn da yín láàmú.

Nǹkan míì tó ràn wá lọ́wọ́ ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ. Ọkùnrin àkọ́kọ́ á jẹ́ orúkọ bàbá bàbá ẹ̀, ìkejì á jẹ́ ti bàbá ìyá, obìnrin àkọ́kọ́ á jẹ́ ti ìyá ìyá ẹ̀. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ọkùnrin méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà láàárín ọdún kan náà, ẹ wo orúkọ àwọn ọmọ wọn, ẹ máa mọ èwo ni tiyín. Àwa tí à ń sọ ọmọ ní Babátúndé, ṣé a wá máa ní ìyẹn ṣòro fún wa ni?

Ẹ ṣọ́ra fún igi ìdílé táwọn èèyàn ti tò sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A sanwó ọdún kan gbáko fún wéésáìtì kan, a bá bàbá tiwa níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àti gbogbo ẹ̀, wọ́n ní Barrisdale ló ti wá, inú wa dùn, a ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé tó fi mọ̀. Àṣé ọkùnrin méjì lẹnì kan lẹ̀ pọ̀. Irọ́ yẹn la tẹ̀ lé lọ nígbà àkọ́kọ́.

Ìgbà wo ló dáa

Ìparí oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá ní oṣù keje ló dáa, kò tíì dé ibẹ̀ ni. Lóṣù keje kantíkantí ibẹ̀ á bò yín lójú, midge lorúkọ tí wọ́n ń pè é, ó ń jẹni, kò sì sẹ́ni tó lè dúró jẹ́ẹ́ ka òkúta sàréè tí nǹkan yẹn bá wà lójú ẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù kẹwàá wọ́n á ti lọ. Eégbọn ṣì wà o, ẹ ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ ara yín wò lálẹ́, àwọn míì ń gbé àìsàn Lyme.

Ṣùgbọ́n ìdí tó tóbi jù ni bracken. Koríko kan ni, ewé ẹ̀ dà bí ìyẹ́ ẹyẹ, ibi tí èèyàn bá ti fi dáko rí ló fẹ́ràn jù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn á ga dé àyà, ẹ lè dúró lórí ilé bàbá yín kẹ́ ẹ má mọ̀. Tí ewé bá ń wọ́, á pọ́n, á wá dẹ̀ wálẹ̀ pẹrẹsẹ, gbogbo ògiri á yọ síta. Oòrùn náà kì í gòkè mọ́ nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń tàn, òjìji á wá hàn lára gbogbo ohun tó bá ga díẹ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ebè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ tó bá yá.

Akọ àgbọ̀nrín ń wá abo lásìkò yìí, wọ́n á máa ké lórí òkè láti àárọ̀ dalẹ́, ó dà bí màlúù tí ọ̀fun ń dùn. Ọmọ mi rò pé iwin ni. Àwọn ọdẹ náà wà níta, wọ́n ń yìnbọn fún akọ gan-an títí di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á bọ́ sórí abo. Òfin 2003 fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti rìn lórí ilẹ̀ Skọ́tláńdì tí wọn ò bá ti ṣe jàǹbá, kò sẹ́ni tó máa lé yín, ṣùgbọ́n ẹ wo pátákó, kẹ́ ẹ gba ojú ọ̀nà, ọjọ́ Sunday wọn kì í sábà ṣọdẹ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dé ibẹ̀, àti ohun tí ojú wa rí

Ọ̀nà méjì ni. Tó bá jẹ́ apá Loch Nevis ni tiyín, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Glasgow Queen Street lọ sí Mallaig, ó lé ní wákàtí márùn-ún, ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sí Inverie. Kò sí títì tó wọ Inverie láti ibòmíì, orí omi ni tàbí ẹsẹ̀. Ẹ bá wọn dé ibi ìsìnkú Kilchoan, kẹ́ ẹ sì wo òkúta ìrántí àwọn ọkùnrin méje tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ ní 1948, ilé ẹjọ́ lé wọn kúrò, àmọ́ ní 1999 àwọn ará ibẹ̀ ra ilẹ̀ náà fúnra wọn. Ilé ọtí abúlé pàápàá, àwọn ni wọ́n rà á ní 2022. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ omi dáadáa kẹ́ ẹ tó kúrò nílé torí wọ́n máa ń dín in kù bí òtútù bá ti ń bọ̀, tí atẹ́gùn bá sì le kò ní lọ rárá.

Tó bá jẹ́ Loch Hourn, mọ́tò ni, títí dé Kinloch Hourn níbi tí òkun ti parí. Máìlì 22 ni láti títì ńlá nítòsí Invergarry, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kọ́nà lórí kọ́nà, ìsọ̀kalẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn ga débi pé mo dijú, èmi sì kọ́ ni mò ń wakọ̀. Tẹ́ ẹ bá pàdé ọkọ̀ míì, ẹni tó bá sún mọ́ ibi ìyàsí jù ló máa fi ẹ̀yìn rìn padà. Ẹ rọ epo kún táǹkì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ẹ wa máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ tún mú ti páálí dání, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ìgbà tẹ́ ẹ máa padà. Ara ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní gbogbo Britain nibẹ̀, kóòtù tí ẹ fi ń lọ ra nǹkan ní Tesco ò lè gbà yín. Bùútù tó gòkè kokósẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò lè wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí. Oúnjẹ, èmi móínmóín ni mo gbé, ó ń yóni, tútù ẹ̀ náà ṣe é jẹ, àwọn òyìnbó méjì tá a bá lọ́nà ń jẹ búrẹ́dì tí òjò ti rẹ, wọ́n ń wò mí, mo fún wọn ní ọ̀kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, èmi àti ọkọ mi nìkan ni, Barrisdale là ń lọ. Láti Kinloch Hourn, ẹsẹ̀ ni, máìlì mẹ́fà ó lé, etí omi lẹ máa tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa gbé yín gòkè tó tún máa sọ̀ yín kalẹ̀, òkúta àti irà. Ó gbà wá ní wákàtí mẹ́rin. A dé Barrisdale, ibẹ̀ rẹwà, omi ti fà, iyanrìn gbalẹ̀ lọ, Ladhar Bheinn tó ga tó 1,020 mítà dúró lókè bí àgbà tó ń wòran, a ya fọ́tò, a fọwọ́ kan ògiri, ọkọ mi tiẹ̀ fẹ́ sunkún. Àṣé ibẹ̀ kọ́.

Ìgbà tá a fẹ́ padà ni wàhálà dé. Ọjọ́ Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni, ọjọ́ tí wọ́n ń fi wákàtí kan dá aago padà, fóònù wa ti yí ara ẹ̀ padà lóru, àwa ò sì rántí. Orí la fi ṣírò pé ilẹ̀ á ṣú nígbà tí aago mẹ́fà bá fẹ́ lù, bó ṣe rí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, aago márùn-ún ò tíì lù tí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wa lórí, máìlì mẹ́ta ṣì wà níwájú, òjò dé, tọ́ọ̀ṣì fóònù kan ló kù. Mo pe Jésù, mo pe ìyá mi, mo pe ọkọ mi ní orúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ la dé ìdí mọ́tò. Torí náà ẹ gbọ́ mi, lóṣù kẹwàá, aago tẹ́ ẹ máa pẹ̀yìn dà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, aago méjì ọ̀sán, tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ tàbí ẹ ò dé ibẹ̀, ẹ kọjú sílé.

Inú mọ́tò yẹn, híítà ń ṣiṣẹ́, aṣọ wa ń rùn bí ajá tó lọ wẹ̀ lódò, ọkọ mi tẹ́ máàpù sórí ẹsẹ̀ ó ń fi ìka tọ ọ̀nà tá a gbà. Ó ń ka orúkọ jáde, Barrisdale, Runival, ó wá dákẹ́. Ó tún ka ọ̀kan. Skiary. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo. Bàbá kì í ṣe ojo! Agboolé ẹ̀ ni wọ́n kọ sínú Bíbélì! A sì ti gba Skiary kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, kò tó máìlì méjì sí ibi tá a pàkì sí, ìgbà tá a ń bọ̀ nínú òkùnkùn mo tilẹ̀ fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀.

Ohun tí ìwé sọ nígbà tá a wá mọ ibi tá a máa wò

Tẹ́ ẹ bá ti ní orúkọ agboolé, gbogbo nǹkan yá. A padà sí ìkànìyàn 1841, a bá wọn ní Skiary, àwọn mẹ́jọ nínú ilé kan. Ní 1851, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ontario ní ọmọ wọn tó kéré jù ní 1848. Kò wá bá ìtàn ìdílé mu.

Torí ìtàn tí ìyá ọkọ mi ń sọ fún ọmọ láti ogójì ọdún ni ti 1853. Òótọ́ ni 1853 ṣẹlẹ̀ o. Olóyè Glengarry ti kú, ìyàwó ẹ̀, Josephine Macdonell, fẹ́ kí ilẹ̀ ṣófo kí àgùntàn lè wọ̀ ọ́, wọ́n kó àwọn èèyàn tó lé ní 300 sínú ọkọ̀ Sillery, ó di Kánádà, àwọn tó kọ̀ tí wọn ò wọkọ̀, wọ́n wó ilé lé wọn lórí, wọ́n sùn síta. Ìtàn yẹn le, ó ń pa èèyàn lẹ́kún, kò yà mí lẹ́nu pé gbogbo Macdonell tó wà ní Ontario ló fẹ́ kó jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo làwọn èèyàn kúrò ní Knoydart. Ní 1786 nǹkan bí 500 ti bá fádà wọn lọ sí Glengarry ní Kánádà. Tiwa bọ́ sáàárín, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pòtétò tó jẹrà káàkiri Highlands ní 1846 ló lé wọn. Ebi ni, kì í ṣe ọlọ́pàá. Màmá ò fẹ́ gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní ṣé a dá wa lójú. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìyẹn, ìwé lè gba ìtàn lọ́wọ́ àgbàlagbà, ẹ rọra sọ ọ́.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wọ wéésáìtì máàpù National Library of Scotland, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá máàpù Ordnance Survey oní-íńṣì-mẹ́fà ti Inverness-shire, àwọn ọdún 1870 ni wọ́n wọn ilẹ̀ ibẹ̀. Ilé tó ṣì ní òrùlé nígbà yẹn, wọ́n kùn ún nínú, èyí tí òrùlé ẹ̀ ti lọ, ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan ni wọ́n fà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí páálí, ẹ fi rọ́bà bò ó.

Tẹ́ ẹ bá dé orí ilẹ̀

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Màmá wá fúnra ẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ó ra bùútù tuntun. Kò lè rìn dé Barrisdale, ṣùgbọ́n ó lè rìn dé Skiary. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la kúrò nídìí mọ́tò, ọmọ ń sáré síwájú pẹ̀lú máàpù.

Ẹ má retí ilé. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni òkúta tó ga dé orúnkún, tí mọ́ọ̀sì bò, tó ṣe onígun mẹ́rin tí igun ẹ̀ rí róbótó. Ẹ wá ẹnu ọ̀nà, ẹ wọlé, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń dáná. Tẹ́ ẹ bá rí èsìsì tó hù sójú kan tí kò sí níbòmíì, èèyàn gbé ibẹ̀, ààtàn wọn àti ìgbẹ́ ẹran ló sọ ilẹ̀ náà di ọlọ́ràá. Tẹ́ ẹ bá rí igi rowan lẹ́bàá ògiri, èyí tó ń so èso pupa wẹ́wẹ́, wọ́n gbìn ín ni, kí àjẹ́ má baà wọlé. Mo rẹ́rìn-ín títí. Èmi tí wọ́n ti ń sọ fún láti ọjọ́ yìí pé Yorùbá ló gba àjẹ́ gbọ́.

Lẹ́yìn ilé ni mo ti rí ebè. Mi ò mọ̀ pé mo máa rí i, mo kàn gbójú sókè tí oòrùn yọ díẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn ló là ní poro poro, ó gùn wálẹ̀ títí dé etí omi, bí oko iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ọkọ mi ò tiẹ̀ rí i títí mo fi fi ọwọ́ fà á fún un. Ilẹ̀ ibẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n á lọ ru ewé inú òkun wá sí i pẹ̀lú agbọ̀n lẹ́yìn, wọ́n á gbin pòtétò àti ọkà òtútù tó ń jẹ́ oats lé e. Ìdajì oúnjẹ wọn, inú òkun ló ti ń wá, herring, ẹja ṣáwá tí a mọ̀ yẹn ni, òǹkọ̀wé kan tó dé Loch Hourn ní 1772 bá ọkọ̀ apẹja rẹpẹtẹ lójú omi. Báyìí, ẹyẹ nìkan ni. Mo dúró sáàárín aporo kan, ẹsẹ̀ mi méjèèjì gba ibẹ̀ ṣáṣá, ẹni tó kọ ọ́ mọ bó ṣe ń fi ọkọ́ ṣiṣẹ́.

Ẹ má gbé òkúta kankan o. Ẹ má to ẹyọ kan sórí èkejì nítorí fọ́tò, ẹ má sì wa ilẹ̀. Màmá fẹ́ mú ọ̀kan lọ sí Ontario, ó ti wà nínú pọ́ọ̀sì ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ mi ló rí i, ó ní, "Grandma, ní Ìjẹ̀bú-Igbó a kì í tú ilé bàbá ẹni." Ó dá a padà sínú ihò tó ti yọ ọ́. Fọ́tò ni kẹ́ ẹ yà, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì ibi tẹ́ ẹ wà lórí fóònù kẹ́ ẹ lè rí ilé náà lọ́jọ́ míì, kẹ́ ẹ sì fi ìṣísẹ̀ wọn bó ṣe gùn tó. Tiwa jẹ́ ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ní gígùn, márùn-ún ní ìbú. Àwọn mẹ́jọ.

Màmá bi mí ohun tí à ń ṣe nílé wa tá a bá dé ojú oórì. Mo ní a máa ń pe orúkọ wọn, a sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná, ó yọ ìbọ̀wọ́, ó pe orúkọ bàbá náà, ó wá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ọgọ́rùn-ún ọdún la fi pè yín ní ojo. Ẹ má bínú sí wa."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo wo aago, méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní ó yá, ẹ dìde.